Alágbàfọ̀ Tó Di Ọlọ́rọ̀: Ìgbésí Ayé Madam C. J. Walker

Obìnrin tí a mú ìtàn rẹ̀ wá fún yín lọ́tẹ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn tó ń gbé Amẹ́ríkà, pàápàá àwọn ìyá wa tó ń ṣe irun. Madam C. J. Walker ni gbogbo ayé ń pè é. Púpọ̀ nínú wa ló mọ̀ pé òwò ìpara irun ló sọ ọ́ di olówó. Àwọn tó mọ̀ bí ó ṣe kọ́ ara rẹ̀ níwèé nígbà tó ti dàgbà kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tàbí bí ó ṣe ń fi owó pamọ́ nígbà tí owó kò tó jẹun, tàbí bí àìsàn kan tó ṣì ń pa àwọn èèyàn wa lónìí ṣe mú un lọ ní ẹni ọdún 51. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́, ẹ̀kọ́ òwò àti ẹ̀kọ́ ìlera ló wà nínú ìtàn náà. Ẹ jẹ́ ká jọ gbé e yẹ̀ wò.

Ìgbà Èwe Rẹ̀

Sarah Breedlove ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1867 ni wọ́n bí i ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Delta, ní ìpínlẹ̀ Louisiana, ní gúúsù Amẹ́ríkà. Owen ni bàbá rẹ̀, Minerva ni ìyá rẹ̀. Ẹrú ni àwọn méjèèjì nínú oko òwú kan títí ogun abẹ́lé ilẹ̀ náà fi parí ní ọdún 1865. Sarah ni ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ bí sí òmìnira. Oko ẹrú ni wọ́n bí gbogbo àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n òmìnira nìkan kò kún ikùn. Oko òwú kan náà ni ìdílé náà ṣì ń ro.

Kí Sarah tó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ìyá rẹ̀ ti kú, bàbá rẹ̀ náà sì ti tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Louvenia, ló gbà á sọ́dọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n sọdá odò Mississippi lọ sí ìlú Vicksburg láti wá iṣẹ́, Sarah sì ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ káàkiri. Ilé ẹ̀kọ́ tó lọ ní gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ kò ju nǹkan bí oṣù mẹ́ta lọ. Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rorò mọ́ ọn, nítorí náà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó fẹ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Moses McWilliams kí ó lè ní ilé tirẹ̀. Ní ọdún 1885, ó bí Lelia, ọmọ kan ṣoṣo tó bí láyé. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ọkọ rẹ̀ kú. Kò tíì ju nǹkan bí ẹni ogún ọdún lọ, ó ti di opó, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì mọ ìwé.

Nídìí Ọpọ́n Ìfọṣọ

Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wà ní ìlú St. Louis, ní ìpínlẹ̀ Missouri, níbi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ onígbàjámọ̀. Ó kó lọ bá wọn ní nǹkan bí ọdún 1888. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ló rí ṣe níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi iṣẹ́ yìí wé ti ẹ̀rọ ìfọṣọ tó wà nínú ilé wa lónìí. Wọn yóò pọn omi, wọn yóò gbé e kaná, wọn yóò fi ọṣẹ líle tó ń jẹ ọwọ́ fọ aṣọ nínú ọpọ́n onígi, wọn yóò sá a, wọn yóò sì fi áyọ́ọ̀nù tí wọ́n yá lórí ààrò lọ̀ ọ́. Owó tí Sarah ń rí lójúmọ́ kò ju dọ́là kan àti ààbọ̀ lọ.

Nínú owó kékeré yìí ló ti ń yọ díẹ̀díẹ̀ sọ́tọ̀. Ó ti pinnu pé Lelia kò ní dúró nídìí ọpọ́n bíi tòun. Nígbà tí ọmọ náà dàgbà, owó aṣọ fífọ̀ ni ìyá rẹ̀ fi rán an lọ sí Knoxville College ní ìpínlẹ̀ Tennessee. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹ wò ó dáadáa: kì í ṣe ìgbà tí owó di púpọ̀ ni obìnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í fi pamọ́. Ìgbà tí kò tó ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti mọ ohun tí owó náà wà fún.

Ó dara pọ̀ mọ́ ìjọ St. Paul ti àwọn A.M.E. ní St. Louis. Ibẹ̀ ló ti rí àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n kàwé, tí wọ́n wọṣọ tó mọ́, tí wọ́n ń darí ẹgbẹ́, tí wọ́n sì ń ran aláìní lọ́wọ́. Ó wò wọ́n, ó wo ara rẹ̀. Nígbà tó di olówó, ó sọ ọ́ fún àwọn èèyàn pé lọ́jọ́ kan tí òun tẹ̀ ba sórí aṣọ, tí ìfóófòó ọṣẹ bo òun lápá, òun bi ara òun léèrè kí ni òun yóò ṣe bí ọjọ́ ogbó bá dé tí ẹ̀yìn òun sì le. Kò rí ìdáhùn lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Bí Òwò Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ní àwọn ọdún yẹn, irun Sarah bẹ̀rẹ̀ sí í re títí orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pá. Òun nìkan kọ́ ló ń ṣe. Omi ẹ̀rọ kò sí nílé ọ̀pọ̀ tálákà, wọn kì í sì í fọ irun déédéé, nítorí náà èépá àti egbò orí wọ́pọ̀. Ó gbìyànjú oríṣiríṣi oògùn. Lára ohun tó lò ni ìpara tí obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ń jẹ́ Annie Turnbo ń ṣe ní St. Louis. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1903, Sarah di ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá Turnbo ta ọjà rẹ̀ láti ilé dé ilé. Ibẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́.

Ní ọdún 1905, ó kó lọ sí ìlú Denver ní ìpínlẹ̀ Colorado. Ó ń se oúnjẹ fún àwọn èèyàn, ó ń fọ aṣọ, ó sì ń ta ìpara. Kò fi iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ sílẹ̀ kí òwò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í po ìpara tirẹ̀, tí imí-ọjọ́ wà lára ohun tó ń lò. Ìjà òwò bẹ́ sílẹ̀ láàárín òun àti Turnbo, nítorí Turnbo gbà pé iṣẹ́ òun ni wọ́n mú lọ, ọ̀rọ̀ náà kò sì tán láàárín wọn. Ó yẹ ká tún sọ ọ́ pé kì í ṣe òun ló dá òòyà gbígbóná sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ṣe máa ń sọ. Òòyà náà ti wà ṣáájú rẹ̀.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1906, ó fẹ́ Charles Joseph Walker, ẹni tó mọ̀ nípa ìpolówó ọjà nínú ìwé ìròyìn. Láti ìgbà náà ló ti ń jẹ́ Madam C. J. Walker. Ọkọ náà ràn án lọ́wọ́ gan-an níbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí dọ́là mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lóòjọ́, ọkọ rò pé ó ti tó, ìyàwó sì rò pé iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀ ní ọdún 1912.

Bí Ó Ṣe Mú Òwò Gbèrú

Ohun tí Madam Walker tà ju ìpara lọ. Ó ń kọ́ àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe ń fọ irun déédéé, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú awọ orí, àti bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún ẹlòmíràn kí wọ́n sì gba owó. Ní ọdún 1908, òun àti Lelia dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní ìlú Pittsburgh, wọ́n sì fi orúkọ Lelia pè é. Àwọn tó gbẹ̀kọ́ di alágbàtà ọjà rẹ̀. Ní àkókò yẹn, ilé ìdáná òyìnbó àti ìdí ọpọ́n ni ọ̀pọ̀ obìnrin aláwọ̀ dúdú ti ń wá oúnjẹ òòjọ́. Nígbà tó yá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló ń ta ọjà Walker, tí wọ́n sì ń jẹun níbẹ̀ láìsin ẹnikẹ́ni.

Ní ọdún 1910, ó gbé ilé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Indianapolis, nítorí pé ojú irin láti ibi púpọ̀ ló pàdé níbẹ̀, ọjà á sì lè yá kánkán dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Ní ọdún 1911, ó fi orúkọ ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Ó gba agbẹjọ́rò kan, Freeman Ransom, láti máa bójú tó ìwé àti ìṣirò owó. Ọkùnrin yìí kì í bẹ̀rù láti sọ fún un bí ìnáwó bá ti ń pọ̀ jù. Ẹni tó bá ní olùdámọ̀ràn tó lè sọ òótọ́ fún un, tó sì gbà kí ó sọ ọ́, ti ní ohun tí owó kò lè rà.

Ìwé kíkà náà kò gbẹ́yìn. Nígbà tó ti di ọ̀gá tó ní òṣìṣẹ́, ó mú olùkọ́ kan, Alice Kelly, wọ inú ilé iṣẹ́ rẹ̀. Obìnrin yìí ń bójú tó iṣẹ́ lọ́sàn-án, ó sì ń kọ́ ọ̀gá rẹ̀ ní gírámà, ìwé kíkọ àti bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ojú kò ti Madam Walker láti jókòó síwájú ẹni tó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ rẹ̀. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Èrè rẹ̀ hàn ní ọdún 1912, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò aláwọ̀ dúdú ṣe ìpàdé ní Chicago. Booker T. Washington ni olórí wọn. Ó pe ọ̀pọ̀ ọkùnrin láti wá sọ̀rọ̀, kò pe obìnrin yìí. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, Madam Walker dìde láìjẹ́ pé wọ́n pè é, ó sọ ibi tó ti bọ̀, láti oko òwú dé ìdí ọpọ́n, dé ilé ìdáná, dé ilé iṣẹ́ tó fi owó ara rẹ̀ kọ́. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní ọdún 1913, Washington fúnra rẹ̀ ló ní kí ó wá bá ìjọ sọ̀rọ̀.

Ní ọdún 1913 kan náà, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Jàmáíkà, Kúbà, Haiti, Costa Rica àti Panama láti wá ọjà. Àwọn aráa wa tó wà ní Kúbà á fẹ́ mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ibẹ̀.

Owó tó ń wọlé kò dúró sọ́wọ́ rẹ̀ nìkan. Ní ọdún 1911, ó ṣe ìlérí 1,000 dọ́là fún kíkọ́ ilé Y.M.C.A. ti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1917, ó pe àwọn alágbàtà rẹ̀ jọ ní Philadelphia, àwọn obìnrin tó lé ní 200 ló sì péjú. Kì í ṣe ẹni tó tà jù nìkan ló fún lẹ́bùn, ó tún fún àwọn ẹgbẹ́ tó ran aláìní lọ́wọ́ jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù náà, ó ti bá àwọn aṣáájú Harlem lọ sí ilé ìjọba ní Washington láti fi ẹ̀hónú hàn lórí bí wọ́n ṣe ń pa àwọn aláwọ̀ dúdú láìsí ìdájọ́. Ààrẹ Wilson kò yọjú sí wọn, ṣùgbọ́n wọ́n fi ìwé wọn sílẹ̀.

Ibi Tí Ọ̀rọ̀ Ti Kan Ìlera

Ẹ̀yin ará, ibi yìí ni ẹ fetí sí dáadáa. Gbogbo ọdún tí òwò ń gbòòrò ni Madam Walker ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti ìlú dé ìlú. Á sọ̀rọ̀ lálẹ́, á kọ́ àwọn alágbàtà láàárọ̀, á kọ lẹ́tà nínú ọkọ̀, á sì tún gbéra. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ní ọdún 1916, ó lọ sí Hot Springs ní ìpínlẹ̀ Arkansas, níbi tí àwọn èèyàn ti ń wẹ nínú omi gbígbóná tó ń sun láti inú ilẹ̀, kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Ara fúyẹ́ díẹ̀, ó tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní ìparí ọdún 1917, ó lọ sí ilé ìtọ́jú Battle Creek ní ìpínlẹ̀ Michigan, ti Dókítà Kellogg, ìdílé tí orúkọ wọn wà lára páálí kọnfíléèkì. Àwọn dókítà sọ fún un pé kí ó fi wàhálà òwò sílẹ̀, kí ó sinmi, bí ó bá fẹ́ pẹ́ láyé.

Kò lè ṣe é. Ìwà akíkanjú tó gbé e kúrò nídìí ọpọ́n kò jẹ́ kí ó jókòó. Ní ọdún 1918, ó kó sí ilé ńlá tó kọ́ sí ìlú Irvington, lẹ́bàá odò Hudson, tó ní yàrá tó lé ní 30. Vertner Tandy, ayàwòrán ilé tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ló yàwòrán rẹ̀. Villa Lewaro ni wọ́n pe ilé náà. Ó sì tún gbéra lọ sí ìrìn àjò. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1919, àìsàn dá a dúbúlẹ̀ ní St. Louis, ìlú tó ti fọ aṣọ nígbà kan. Wọ́n fi ọkọ̀ ojú irin gbé e padà sílé pẹ̀lú dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó wà lórí ibùsùn, ó yọ 5,000 dọ́là fún àjọ N.A.A.C.P. láti gbógun ti ìpànìyàn láìsí ìdájọ́. Ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1919 ló kú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ilé tó kọ́ fún ọjọ́ ogbó, nǹkan bí ọdún kan péré ló gbé inú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìwé ló pè é ní obìnrin Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó fi iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ di olówó mílíọ̀nù. Nígbà ayé rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun kò tíì dé ibẹ̀. Èyí tó wù kó jẹ́, ó fi ìwé ìhágún sílẹ̀ pé kí ìdá méjì nínú mẹ́ta èrè ilé iṣẹ́ náà máa lọ fún ìrànlọ́wọ́ aláìní. Lelia, tó ti ń jẹ́ A'Lelia nígbà tó yá, ló gba ipò ìyá rẹ̀. Ó kú ní ọdún 1931, ní ẹni ọdún 46. Ẹ̀jẹ̀ ló ya sínú ọpọlọ rẹ̀. Òun náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìyá jogún owó fún ọmọ, àìsàn náà sì tẹ̀ lé owó. Ní ọdún 1998, ìjọba Amẹ́ríkà fi àwòrán Madam Walker sára sítáǹbù ìfìwéránṣẹ́.

Ohun Tí A Lè Mú Lò

Èkínní, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìfowópamọ́ láti inú ohun tó wà lọ́wọ́ lónìí, bó ti wù kó kéré mọ, kí ẹ sì mọ ohun tí ẹ ń fi í pamọ́ fún.

Èkejì, ẹ má fi iṣẹ́ tó ń bọ́ yín sílẹ̀ kí òwò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí ó bá sì ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ẹ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, kí ẹ sì gba ẹni tó mọ ìṣirò àti òfin sọ́dọ̀.

Ẹ̀kẹta, kò sí àgbà tó kọjá ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ìwé ẹ̀rí láti ilé, tí iṣẹ́ tí a ń ṣe níhìn-ín kò sì bá a mu. Ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ wà fún irú wa.

Ẹ̀kẹrin, tó ju gbogbo wọn lọ, ìlera ni oògùn ọrọ̀. Nígbà ayé Madam Walker, kò sí oògùn kan tó lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ dáadáa. Àárín àwọn ọdún 1950 ni irú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Owó rẹ̀ kò lè ra ohun tí kò sí. Fún àwa, oògùn náà wà, kò sì wọ́n. Àìmọ̀ àti ìfòníkúfọ̀la ló ń pa wá. Ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, kì í sì í kan ìlẹ̀kùn kó tó wọlé. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀sán, tó ń fowó ránṣẹ́ sílé, tó ń sanwó ilé, lè máa rò pé ó rẹ òun lásán ni.

Ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ yín lọ́dọ̀ dókítà tàbí nílé ìtajà oògùn. Bí ó bá ń jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má fi ṣeré. Ní Amẹ́ríkà, láti 130 lórí 80 ni àwọn dókítà ti ń kà á sí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ dín iyọ̀ kù. Gbogbo iyọ̀ ọjọ́ kan kò yẹ kó ju ṣíbí tíì kan lọ, iyọ̀ sì wà nínú màgí pẹ̀lú. Ẹ máa rìn, ẹ máa sùn. Bí wọ́n bá fún yín lóògùn, ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín nítorí pé ara ti yá. Ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ yín mọ̀ bí ẹ̀jẹ̀ yín bá ń ru, kí wọ́n lè tètè máa ṣọ́ tiwọn. Irú àṣírí yẹn kò bo ẹnikẹ́ni.

Madam Walker dáhùn ìbéèrè tó bi ara rẹ̀ nídìí ọpọ́n. Ó wá ohun tí òun yóò gbé ọjọ́ ogbó lé, ó sì rí owó. Ọjọ́ ogbó náà gan-an ni kò dé. Kí a ṣiṣẹ́ bíi tirẹ̀, kí a kàwé bíi tirẹ̀, kí a lawọ́ bíi tirẹ̀, ṣùgbọ́n kí a gbọ́ ti dókítà jù ú lọ. À á jèrè làálàá wa, à á sì fi ara líle jẹ ẹ́. Ó dìgbà kan ná.